Ẹni Tí Ó Gbé Awọ Ẹfọ̀n Pamọ́

Ọ̀rẹ́ mi kan jágbe mọ́ mi ní ọdún 2019, igbe náà ni ó sì bí àròkọ yìí. Olùkọ́ àlejò ni mo jẹ́ ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ní sáà náà, ilé ọ̀rẹ́ mi yìí ni mo sì dé sí. Ìbàdàn ni a ti jọ kàwé. Òun kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó, èmi kọ́ Yorùbá. Òun rí owó, èmi rí ìwé. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ó mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ó tan iná, mo sì rí ohun tí ojú mi kò rí rí: ògiri mẹ́rin tí a to róbọ́ọ̀tì ìṣeré sí láti ilẹ̀ títí dé òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú páálí rẹ̀, páálí kọ̀ọ̀kan nínú àpótí ike tí ó mọ́ gaara bíi díńgí. Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan. N kò fẹ́ ṣí i. Mo kàn fẹ́ gbé e wò ni. "Má fọwọ́ kàn án!" ni ọ̀rẹ́ mi wí, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ki ọwọ́ bọ iná. Ó tọrọ àforíjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a sì fi ẹ̀rín gbé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a jà nínú ọkàn mi. Mo fẹ́ jà á ní gbangba wàyí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n sọ ohun tí à ń jà lé lórí, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi yóò ti máa bi ara yín pé kí ni àgbàlagbà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ń wá nídìí ohun ìṣeré ọmọdé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá ní ọdún tí ń bọ̀ n ó kọ ìwé lórí òkòtó. Ó rò pé èébú ni òun bú mi. Inú mi ìbá dùn bí ẹnìkan bá lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí àwọn tí ó mọ òkòtó í ta tó tán nílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Takara ti ilẹ̀ Jàpáàn ni ó ṣe púpọ̀ nínú àwọn róbọ́ọ̀tì aparadà tí mò ń sọ yìí. Ní ọdún 1980 ni wọ́n gbé ọ̀wọ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Diaclone. Ní 1983 wọ́n gbé òmíràn jáde tí ń jẹ́ Micro Change. Nínú Diaclone, mọ́tò ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń di róbọ́ọ̀tì. Nínú Micro Change, ohun èlò tí a lè bá lórí tábìlì nínú ilé ni: kásẹ́ẹ̀tì, ìbọn, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ rí, ẹ bá mi fi ojú inú wo ọkọ̀ akẹ́rù pupa kan tí kò ju nǹkan àmúlọ́wọ́ lọ. Ẹ já tírélà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ẹ fa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà gùn, ó di ẹsẹ̀ méjì. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta, ó di apá. Ẹ ṣí òkè rẹ̀, orí yọ jáde. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kì í gbé lára rẹ̀. Ẹyọ-ẹyọ ni a ń tì wọ́n bọ ibi ọrùn ọwọ́, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ tí ó kù láyé lónìí fi jẹ́ akéwọ́. Mọ́tò ni ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Òmìrán ni wàyí. Kò sí ohun tí a fi kún un bí kò ṣe àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kò sí ohun tí a yọ kúrò nínú rẹ̀ bí kò ṣe tírélà nìkan. Gbogbo ohun tí ó jẹ́ kò ju ìyípadà yìí lọ.

Ní Jàpáàn, àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní ẹ̀mí. Ẹ̀rọ ni wọ́n jẹ́. Nínú Diaclone, awakọ̀ kékeré kan tí ó fi òòfà ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ń jókòó sínú wọn tí ó ń wà wọ́n. Ní 1984 ni ilé iṣẹ́ Hasbro ti Amẹ́ríkà kó wọn wá sí ilẹ̀ rẹ̀, ó yọ awakọ̀ náà kúrò, ó pe gbogbo wọn ní Transformers, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ Marvel Comics bá òun wá ìtàn sí wọn lára. Òṣìṣẹ́ Marvel kan, Bob Budiansky, ni ó sọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ, òun náà ni ó sì kọ ìwà wọn tí a tẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí: ẹni tí ó láyà, ẹni tí ó ń bẹ̀rù, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tán bọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní oríkì bí èmi kò lè ṣàì dá ohun tí ó ṣe mọ̀. Ó sọ ẹrù di ènìyàn nípa sísọ ọ́ lórúkọ àti kíkì í. Síbẹ̀, àpá ayé àtijọ́ kò parẹ́ lára wọn. Ìjókòó awakọ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò náà, kò sí ẹni tí yóò jókòó sí i mọ́. Èyí tí wọ́n pè ní Ironhide kò tilẹ̀ ní orí tòótọ́; ìwé àlẹ̀mọ́ tí a ya ojú sí ni ó wà níbi tí ó yẹ kí orí wà, nítorí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń wà kò nílò orí ti ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n tó ya orí fún un. Èyí gan-an ni ẹni tí ó wá sáyé láìyà ní ilé Àjàlá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọjà lásán ni gbogbo rẹ̀, pé kí a tó lè ta ike ni a ṣe sọ ìtàn, pé kì í ṣe nítorí ìtàn ni a ṣe ta ike. Òótọ́ ni. Ní ọdún 1984 kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà mú òfin tí ó fi gbèǹdéke sí ìpolówó ọjà nínú ètò tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé kúrò, ọ̀nà sì là fún irú eré tí ó jẹ́ ìpolówó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1986, wọ́n pa Optimus Prime, ọkọ̀ akẹ́rù pupa ọ̀hún, nínú sinimá, kí àyè lè wà lórí àtẹ fún ọjà tuntun. Àwọn ọmọ sunkún nínú ilé sinimá débi pé àwọn tí ó pa á ní láti jí i dìde lẹ́yìn náà. Mo bi àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ ọjà bẹnu àtẹ́ lu nǹkan wọ̀nyí léèrè: bí ó bá jẹ́ ìpolówó nìkan ni àwọn ọmọ náà rí, kí ni wọ́n ń sunkún sí? Kò sí ẹni tí í sunkún nítorí pé wọ́n yí páálí ọṣẹ padà. Àwọn oníṣòwò ju irúgbìn sílẹ̀ nítorí èrè, ó hù ní ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀. Kí a fi ọ̀rọ̀ ọjà sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún oríṣiríṣi ìrísí tí fóníìmù kan ṣoṣo lè gbé wọ̀, n kò sì rí ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí àwọn akójọ róbọ́ọ̀tì ń wá kiri mu jù ú lọ. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ní 1984, ọmọ tí ó ra mọ́tò kékeré aláwọ̀ ìyeyè lè tú u kí ó rí i pé kì í ṣe Volkswagen tí wọ́n ń pè ní Bumblebee ni ó wà nínú rẹ̀, Mazda ni. Inú ọ̀wọ́ Jàpáàn kan náà ni Mazda yìí ti wá, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà lára páálí tí wọ́n fi tà á, kò sì fara hàn nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn akójọ ni ó ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Bumblebee àti Cliffjumper ṣe lúmọ̀-lúmọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Bumblejumper. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ó tó di ẹni tí ń jẹ́ Bumper. Ọmọ tí àwọn tí ó mú un wá sáyé kò sọ lórúkọ, ará àdúgbò ni ó kó o jáde.

Ẹ tún gbọ́ ti Bluestreak, tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ aró. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń fi ọjà hàn, àwọ̀ aró ni ó ní. Ẹni tí ó bá ra á ní ilé ìtajà, àwọ̀ fàdákà ni ó ń bá. Diaclone ti Jàpáàn ni mọ́tò aláwọ̀ aró tí wọ́n yà ní fọ́tò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn akójọ fi wá ọ̀kan tí a tà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọ̀ yìí, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n ń fi ẹ̀rí tako ẹ̀rí. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà nínú tírélà Optimus Prime pẹ̀lú: aláwọ̀ aró ni lára àwọn kan, aláwọ̀ eérú ni lára àwọn mìíràn, àwọn ènìyàn sì wà tí wọ́n lè fi èyí àti nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí abẹ́ ẹsẹ̀ sọ ìgbà tí ọ̀kan jáde ju èkejì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́, mo fẹ́ kí ó sọ fún mi ohun tí àwọn ọ̀gá wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀dà ìwé àtijọ́ méjì wé ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù lójú tèmi ni Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ní Bùràsíìlì, ilé iṣẹ́ Estrela ni ó ń ṣe wọn. Ní Ajẹntínà, Antex. Ní Pérù, Lynsa. Ní Mẹ́síkò, tí ó wà ní òkè wọn, IGA ni. Àwọn wọ̀nyí da ike sí àwọ̀ tí kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n rárá: ẹni tí a mọ̀ sí pupa di ewéko, ẹni tí a mọ̀ sí ewéko di àwọ̀ aró. Ní Bùràsíìlì, wọ́n pín wọn sí ìhà méjì tí ń bá ara wọn jà, wọ́n pe ọ̀kan ní Optimus, wọ́n pe èkejì ní Malignus. Ẹ rí i bí orúkọ aṣíwájú kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà ṣe di orúkọ agbo ilé lódindi nígbà tí ó sọdá. Ẹni tí ó bá ti tọ ipasẹ̀ orúkọ àwọn òrìṣà wa dé Bàháyà kò ní yanu. Bí ohun tí a ń sọ láti ẹnu dé ẹnu ṣe ń rìn nìyẹn. N kò mọ̀ pé ike náà ń rìn bẹ́ẹ̀ títí tí ọ̀rẹ́ mi fi fi ìwé àwòrán wọn hàn mí.

Nínú iṣẹ́ tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ẹsẹ Ifá kan lẹ́nu babaláwo Ọ̀yọ́, tí ó tún gbọ́ ọ lẹ́nu babaláwo Ìjẹ̀bú, tí ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan tọ̀nà, èkejì ṣì, kò ní gba máàkì lọ́wọ́ mi. Àwọn méjèèjì ni ẹsẹ náà. Ohun tí a ń bi ni pé níbo ni ó gbà, ta ni ó gbé e, kí ni ó fà á tí ó fi yí. Ìbéèrè kan náà ni àwọn akójọ ń bi nípa mọ́tò ike aláwọ̀ òdì tí ó ti Lima wá. Ta sì ni ó kọ ìdáhùn sílẹ̀? Àwọn akáwó, àwọn awakọ̀ àjàgbé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kì í ṣe àwa tí a ń gba owó oṣù láti ṣe ìwádìí. Nítorí náà, mo ka irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kún ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì fi ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń kó nǹkan jọ kí ó lè mọ̀ ọ́n, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń kó o jọ kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Ẹni kejì yìí ni mo dojú ìjà kọ, ó sì dùn mí pé inú ọ̀rẹ́ mi ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí. Bí ènìyàn bá ní róbọ́ọ̀tì ọdún 1984 tí a kò ṣí rí, ó lè fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n sọ fífún un ní máàkì di òwò. Wọn yóò fi ojú wá igun páálí, bóyá ó ká kò. Wọn yóò wo téèpù tí a fi lẹ̀ ẹ́. Wọn yóò wo ibi tí wọ́n ti ṣí ìwé iye owó kúrò, bóyá ó bó. Wọn yóò fún un ní máàkì nínú 100, bí ìgbà tí à ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, wọn yóò wá fi àpótí ike tí ó mọ́ gaara dé e pa. Lẹ́yìn náà ni owó rẹ̀ yóò fò sókè. Ọkọ̀ akẹ́rù pupa náà, bí páálí rẹ̀ bá dára, ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ kíyè sí i pé páálí ni ó yege ìdánwò. Kò sí ẹni tí ó bi róbọ́ọ̀tì léèrè bóyá ó lè yí.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ọdẹ tí ó rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sínú igbó tí ó sì di arẹwà obìnrin, tí ọdẹ jí awọ náà, tí ó gbé e sókè àjà, tí ó sì fi obìnrin náà ṣaya. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọdẹ ni à ń káàánú níparí ìtàn náà, nígbà tí obìnrin náà rí awọ rẹ̀ tí ó sì kọjú ìwo sí ilé. Bí mo ṣe ń dàgbà ni ojú mi ń là. Ọdẹ náà kò pa á, kò lù ú, ó ń bọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni agbára láti yí padà. Ó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an! Ìfẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀ràn náà burú. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn àwọn róbọ́ọ̀tì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé awọ wọn sókè àjà.

Nǹkan kékeré kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ní 1985, nítorí ayédèrú tí ó ti gba ọjà kan, Hasbro bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àmì kan mọ́ àwọn róbọ́ọ̀tì náà lára. Dúdú ni àmì yìí bí a kò bá ṣe é ní nǹkan kan. Bí ènìyàn bá fi àtàǹpàkò rà á títí tí yóò fi móoru, àwòrán yóò yọ nínú rẹ̀ tí yóò fi hàn bóyá ẹni ire ni ẹni tí a mú dání tàbí ọ̀tá. Ooru ọwọ́ ọmọdé ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nínú yàrá ọ̀rẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àmì yìí wà lára wọn, kò sì sí ọ̀kan tí ó ti fara hàn rí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń dúró de àtàǹpàkò.

Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe òmùgọ̀, ó sì fún mi lésì. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, bí kì í bá ṣe irú àwa ni, kò ní ku ẹyọ kan láyé. Àwọn ọmọdé ni wọ́n fọ́ ìyókù." Mo gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìwé ìtọ́nisọ́nà, ìwé àlẹ̀mọ́ tí a kò tíì lẹ̀, ọwọ́ tí kò tíì sọnù, inú páálí tí a tọ́jú ni a ti lè rí wọn lódindi, àwọn akójọ tí mo yìn lókè sì ti jẹ àǹfààní wọn. N kò sọ pé kí a tú gbogbo ayé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò nílò páálí mẹ́fà irú kan náà láti mọ bí ọ̀kan ṣe rí, mẹ́fà ni mo sì kà lórí pẹpẹ kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ike kò mọ̀ pé a fún òun ní 90 nínú 100. Irú ike aláwọ̀ wúrà kan wà tí wọ́n lò fún àwọn kan nínú wọn ní ìparí àwọn ọdún 1980 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ń dán tí wọ́n pò mọ́ ọn ti sọ ọ́ di aláìlágbára, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ bí àkàrà kúkù tó gbẹ jù, yálà a fọwọ́ kàn án tàbí a kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó ni í nínú páálí lè máa ṣọ́ òkú láìmọ̀. Kí ni ó wá pa mọ́ fún ìran tí ń bọ̀?

Mo tilẹ̀ ní ẹ̀sùn tí ó wúwo ju ìyẹn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú alẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti òun jọ lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú wọn. A bá ẹ̀kú egúngún kan níbẹ̀ nínú àpótí díńgí, wọ́n fi igi gbé apá rẹ̀ dúró. Inú bí ọ̀rẹ́ mi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tí ń ṣọ́ ibẹ̀ jà. Ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé nǹkan yìí ń jó? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ó ń yí?" Ó sọ fún mi bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lọ wo egúngún onídán nílùú ìyá rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, bí egúngún náà ṣe ń di ère, tí ó ń di ọ̀nì, tí ó ń di òyìnbó onímú gbọọrọ, lójú agbo, lójú gbogbo ènìyàn. Mo gbà á gbọ́. Èmi náà rí i rí. Ìbínú rẹ̀ tọ̀nà. Ẹni tí ó bínú báyìí ni ó padà sílé lọ pa iná yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ mọ́ àwọn ohun aparadà tí kò yí rí. N kò sọ pé ike Hasbro àti ẹ̀kú baba ẹni jẹ́ ọgbọọgba, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tí ó mọ ohun tí díńgí ń ṣe sí ọ̀kan kò ní àwáwí nípa èkejì.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ni ó gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ tí mò ń padà bọ̀ nílé. Lójú ọ̀nà, mo fi igbe bàbá rẹ̀ ṣe àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú sí wọn, sà. Àwa náà kò fọwọ́ kàn wọ́n rí." Ọmọ mẹ́ta ni ó dàgbà lórí yàrá náà, bí ẹni tí a bí sí orí kànga tí a fi ìdérí dé.

Ó yẹ kí n sọ tèmi náà, kí ẹ lè mọ̀ pé ojú kò ṣókùnkùn sí mi. Ní 1985, àbúrò bàbá mi ti London dé, wọ́n sì mú róbọ́ọ̀tì kan ṣoṣo bọ̀ fún èmi àti àbúrò mi. Bumblebee ni, Volkswagen kékeré aláwọ̀ ìyeyè. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Irú mọ́tò yìí ni gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ ní Èkó, òun sì ni ọ̀gá ilé ìwé wa ń gùn. Kò sí ẹni tí ó sọ ìtàn Hasbro fún wa, a kò sì mọ orúkọ tí wọ́n fún un. Ìjàpá ni a pè é, ó sì yé wa kedere ìdí tí Ìjàpá fi ń para dà: ó ti jẹ gbèsè ni. Lórí ìtàn yìí ni a gbé e gun orí ògiri, tí a gbé e wọ inú ìkòkò ẹ̀bà, tí a fi í sá fún àwọn olówó ẹ̀dá. Apá rẹ̀ kan dá ní ọdún kejì. A fi iná àbẹ́là yọ́ ike tí a gé lára kọ́ọ̀bù, a fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò lè ká apá náà mọ́ láti ìgbà náà lọ, nítorí náà ó ń rìn bíi mọ́tò tí awakọ̀ rẹ̀ na ọwọ́ síta ojú fèrèsé. (Mo rí i pé nínú sinimá ọdún 2007 wọ́n sọ Bumblebee di Chevrolet Camaro, mọ́tò àwọn ọmọ olówó, ní 2018 ni wọ́n tó dá a padà sí Volkswagen. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.)

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún ọ̀rẹ́ mi, ó béèrè bóyá ó dá mi lójú pé Volkswagen ni, kì í ṣe Mazda, ìbéèrè náà sì dùn mọ́ mi nítorí pé ti akójọ tòótọ́ ni. Ó tún béèrè bóyá ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà nílé ìyá wa. Ó ronú díẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé nǹkan tí a lẹ̀ báyẹn kò ní iye kankan.

Òun yìí gan-an ni mo ń bá jà. Òṣùwọ̀n tí ó fún páálí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ní 90, tí ó fún Ìjàpá alápá-kọ́ọ̀bù ní òdo, irọ́ ni ó ń pa nípa ohun tí a ṣe nǹkan náà fún. Àwọn tí ó sì ń tẹ̀lé òṣùwọ̀n yìí ń parẹ́ ẹ̀dà tí ó ṣọ̀wọ́n jù láyé: èyí tí ọwọ́ ọmọdé tún dá. Wọ́n lè sọ ọdún tí kẹ̀kẹ́ kékeré inú tírélà yí àwọ̀ padà. Bí wọ́n bá rí apá tí a fi ike kọ́ọ̀bù lẹ̀ ní Ìbàdàn, ìdọ̀tí ni wọn yóò pè é. Bí ó bá sì jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Ajẹntínà ni ó fi irú ike bẹ́ẹ̀ dà á, wọn yóò fi ìwé owó rà á.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi. Mo ní mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bí Ọlọ́run bá fẹ́, pé n ó mú Ìjàpá wa dání, kí ó wo nọ́ńbà abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú apá náà. Mo ní nínú páálí mẹ́fà tí ó jọra lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ yẹn, kí ó mú ọ̀kan péré, èyí tí máàkì rẹ̀ kéré jù, kí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wálé, kí ó sì fún èyí àbíkẹ́yìn ní ọ̀bẹ. Lẹ́tà náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé ó ti kà á ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, pé ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá náà lálẹ́ láìtan iná.